Àwọn Eré Tó Ń Fi Oníkòórìíra Ṣe Yẹ̀yẹ́: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá ní Ìlọrin

Láti ìgbà tí a ti ń kó ara wa jọ ní Tánkẹ̀ lálẹ́ Sátidé láti wo irú eré báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi wá, yálà lórí WhatsApp ni o, tàbí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń wá bàtà wọn. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi. Èrò tèmi ni mo kọ. Àwọn kan nínú wa ò gbà fún mi lórí ibi púpọ̀, pàápàá lórí Jojo Rabbit.

Irú eré wo gan-an lẹ ń sọ?

Eré apanilẹ́rìn-ín ni. Èyí tó mú àwọn tó ń wàásù ìkórìíra, Násì ilẹ̀ Jámánì, Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó kórìíra adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn agbésùnmọ̀mí, àwọn olórí tí ọwọ́ wọn kún fún ẹ̀jẹ̀ ará ìlú, tó wá bọ́ aṣọ iyì lọ́rùn wọn níta gbangba. Kì í ṣe gbogbo eré tí Hitler bá ti yọjú ló wọ inú rẹ̀ o. Wọ́n máa ń bi mí nípa Life Is Beautiful tí Roberto Benigni ṣe ní 1997, tó gba Oscar mẹ́ta. Eré tó dára ni, mo sunkún nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti bàbá kan tó ń fi ọgbọ́n bo ọmọ rẹ̀ lójú kí ẹ̀rù má bà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan àwọn Násì rárá. Mo yà á sọ́tọ̀.

Ikú àwọn èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ohun tó yẹ ká máa fi rẹ́rìn-ín ni?

Àwọn Júù tí ìjọba Násì pa tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Kò sí eré kan nínú èyí tí à ń wò tó fi ikú wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Èyí tó bá dán an wò kò ní wọ ilé wa. Ẹni tó pa wọ́n ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rín yẹn, ẹni tí nǹkan sú ló ń rín in. Ẹ̀rín tí mò ń sọ níbí ní ibi tó dojú kọ.

Ẹ wo The Great Dictator. Oṣù Kẹsàn-án 1939 ni Charlie Chaplin bẹ̀rẹ̀ sí ya á, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù. Ó jáde ní oṣù Kẹwàá 1940, Amẹ́ríkà ò tíì dá sí ogun náà nígbà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe onígbàjámọ̀ tó jẹ́ Júù, òun náà ló ṣe Adenoid Hynkel, apàṣẹwàá orílẹ̀-èdè tí wọ́n pè ní Tomainia, Hitler gan-an ló ń sín jẹ. Ibi tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kì í ṣe ibi tí Hynkel ti ń fi ayé ṣe bọ́ọ̀lù tó sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń ròyìn. Ibi àga ni. Hynkel fẹ́ kí àlejò rẹ̀ Napaloni, olórí ilẹ̀ Bacteria, ìyẹn Mussolini ilẹ̀ Ítálì, máa wò ó láti ìsàlẹ̀, wọ́n bá ṣètò àga kúkúrú fún un. Ètò yẹn ò bọ́ sí i. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, èyí tó ṣeé fà sókè. Ọ̀kan fà tiẹ̀ sókè díẹ̀. Èkejì fa tiẹ̀ kọjá ìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, wọ́n ń díje, ojú wọn le koko, títí orí wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Àwọn méjì tí ayé ń gbọ̀n nítorí wọn, àga ni wọ́n ń bára wọn dù.

Ní 1964, nínú ìwé tí Chaplin kọ nípa ayé ara rẹ̀, ó ní ká ní òun ti mọ bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn àgọ́ Násì ṣe burú tó ni, òun ò bá tí lè ṣe eré náà. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí bá mi jà. Èmi rò pé oore ló ṣe wá bí kò ṣe mọ̀. Ká ní ó mọ̀ ni, kò sí ẹni tí ì bá fi Hitler hàn wá lórí àga yẹn.

Báwo ni ẹ̀rín ṣe ń ba oníkòórìíra jẹ́?

Oníkòórìíra fẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà yín. Bí ẹ bá kórìíra rẹ̀ padà, kò burú lójú rẹ̀, ó ṣáà tóbi síbẹ̀. Ohun tí kò lè fara dà ni kí ẹ máa wo bí ṣòkòtò rẹ̀ ṣe ń jábọ́.

Ẹni tó mọ èyí jù ni Ernst Lubitsch, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Berlin, tó lọ di àgbà òṣìṣẹ́ eré ní Hollywood. To Be or Not to Be tó ṣe ní 1942, tèmi nìyẹn láàrin gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ eléré kan ní Warsaw, ní ilẹ̀ Póláńdì, ti rán aṣọ Násì sílẹ̀ fún eré tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ṣe. Nígbà tí àwọn Násì gidi wá gba ìlú, aṣọ yẹn náà ni wọ́n wọ̀ tí wọ́n fi ń tan Gestapo, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Násì, jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dán eré wò, eléré tó ń ṣe Hitler wọlé. Gbogbo wọn na ọwọ́, wọ́n ní kí ẹ̀mí Hitler gùn. Òun náà na ọwọ́, ó ní kí ẹ̀mí tòun náà gùn. Ẹlòmíràn tún wà níbẹ̀, Greenberg, tó máa ń ṣe ipa kékeré ní gbogbo ìgbà, tó ń fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe Shylock, Júù inú eré Shakespeare, lọ́jọ́ kan, kí òun lè bi wọ́n pé bí wọ́n bá gún Júù, ṣé kò ní ṣẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ ó rí ibi tó ti wá sọ ọ́.

Nígbà tí eré ń parí lọ, Hitler ayédèrú yẹn wà nínú bàálù pẹ̀lú awakọ̀ Násì méjì tí wọn ò mọ̀ pé eléré ni. Ó ní kí wọ́n bẹ́. Wọ́n bẹ́. Wọn ò bèèrè ìdí, wọn ò wọ ohun tí wọ́n fi ń bẹ́ láti ojú ọ̀run. Àwa náà bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Hitler kan ṣoṣo kò lè pa mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwọn tó ń bẹ́ nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n bẹ́ ló bá a ṣe é.

Nígbà tí eré yìí jáde, àwọn kan bínú, wọ́n ní báwo lèèyàn ṣe lè máa ṣe ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú Warsaw nígbà tí bọ́ǹbù ti wó o. Ọ̀fọ̀ tún wà lára rẹ̀: Carole Lombard, obìnrin tó ṣe olórí eré pẹ̀lú Jack Benny, kú nínú ìjàǹbá bàálù ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní 1942, kí eré tó jáde.

Ṣé ẹ̀rín wá dá ogun dúró?

Rárá. Ìbọn ló dá a dúró, ní 1945.

Ẹ ò rò pé ẹ̀fẹ̀ lè sọ ìkà di ẹni tí àwọn èèyàn á fẹ́ràn?

Ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní tan yín. Àwọn ará Jámánì ṣe eré kan ní 2015, Er ist wieder da, láti inú ìwé tí Timur Vermes kọ. Hitler jí ní Berlin òde òní, ó sì di gbajúgbajà lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó ya eré náà mú eléré tó ṣe Hitler, Oliver Masucci, pẹ̀lú aṣọ àti irun imú, wọ́n gbé e lọ sí àárín àwọn èèyàn gidi ní ìgboro. Ọ̀pọ̀ ló ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn kan jókòó tì í, wọ́n ń sọ ohun tó ń bí wọn nínú nípa àwọn àjèjì fún un. Eré yẹn bẹ̀rẹ̀ bí àwàdà, ó sì di ohun tí a ò mọ bí a ṣe máa rín in mọ́.

Mel Brooks ti ṣe àwàdà lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ṣáájú wọn, nínú The Producers tó ṣe ní 1967, tó sì gba Oscar fún bó ṣe kọ ọ́. Oníjìbìtì méjì ta ìpín nínú eré kan ṣoṣo fún èèyàn rẹpẹtẹ, bí ọmọ onílẹ̀ ṣe máa ń ta pulọ́ọ̀tì kan fún ẹni mẹ́fà. Eré tó máa kùnà ni wọ́n ń wá, kí ẹnikẹ́ni má lè béèrè owó. Wọ́n wá mú èyí tí aṣiwèrè Násì kan kọ láti fi yin Hitler. Ó di orin àti ijó lórí ìtàgé, ojú àwọn òǹwòran ranjú, wọ́n fẹ́ dìde jáde. Àfi bí ẹ̀rín ṣe sọ. Wọ́n rò pé àwàdà ni, eré náà bá tà, àwọn oníjìbìtì sì wọ gàù. Júù ni Brooks, ó sì wọṣọ ológun Amẹ́ríkà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Kì í ṣe ẹni tó gbọ́ nípa Násì nínú ìwé ìtàn.

Jojo Rabbit (2019) ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Taika Waititi, ọmọ Māori tó tún ní ẹ̀jẹ̀ Júù lára, ló ṣe Hitler tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan, Jojo, fi ọkàn ara rẹ̀ dá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Ó gba Oscar fún ìwé eré rẹ̀. Lójú tèmi, ó dùn jù. Hitler ibẹ̀ dà bí ẹ̀gbọ́n aláwàdà tí èèyàn á fẹ́ kó máa wá kí òun. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ibi tí àwọn Gestapo ti wọlé wá tú ilé, tí wọ́n ń kí olúkúlùkù pé "Heil Hitler", tí olúkúlùkù ń kí wọn padà, tí kíkí náà ò tán bọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sì ti wò ó mọ ibi tí bàtà ìyá Jojo ti yọ. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ará ibí mọ ẹni tí Hitler jẹ́?

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Orúkọ yẹn làwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ tíṣà tí ẹgba rẹ̀ bá ta. Àwọn bàbá àgbà kan náà wà lára àwọn tí òyìnbó kó láti Nàìjíríà lọ ja ogun Bọ́má, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Japan ni wọ́n bá jà níbẹ̀. Ku Klux Klan ni a máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé, àti Stalin, apàṣẹwàá Soviet Union.

Fún àwọn tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú wa máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, á máa fi Yorùbá túmọ̀. Nígbà tí Hynkel ń ké lórí pèpéle, Alhaja kan níwájú ní kí ògbufọ̀ sọ ohun tó wí. Ògbufọ̀ wa ní, "Màmá, kò wí nǹkan kan, inú ló ń bí i." Òótọ́ ló sọ. Èdè àtọwọ́dá ni Chaplin ń sọ níbẹ̀, ọmọ Jámánì pàápàá ò lè gbọ́ ọ. Alhaja mi orí, ó ní òun ti gbọ́ irú ìpolongo bẹ́ẹ̀ rí.

Ìlọrin, ìlú àlùfáà. Ṣé ẹ ò ní fi Mùsùlùmí ṣe yẹ̀yẹ́?

Four Lions ni wọ́n ń tọ́ka sí, tí Chris Morris ṣe ní Bírítéènì ní 2010. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó fẹ́ dáná bọ́ǹbù mọ́ ara wọn ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀kan gbé ohun tó ń bú gbàmù sáré la pápá kọjá, ó fẹsẹ̀ kọ, òun àti àgùntàn kan bá a lọ. Ẹ fara balẹ̀ wo ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò olórí wọn, onírùngbọ̀n tó di ẹ̀sìn rẹ̀ mú gírígírí. Òun ni kò fọwọ́ sí ìpànìyàn. Òun náà sì ni àwọn ọlọ́pàá lọ ká mọ́lé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí àwọn àfáà wa ń sọ lórí mímbárì ni eré yẹn ń sọ, àyàfi pé èébú inú rẹ̀ pọ̀.

Síbẹ̀, a kì í gbé e síta fún gbogbo èèyàn. Ní ìpínlẹ̀ tí àwọn ará abúlé ti ń sá nítorí agbébọn, ẹni tó wá jókòó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n pa ènìyàn rẹ̀. A máa ń wò ó nílé ọ̀rẹ́, pẹ̀lú ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ wò.

Ṣé àwọn skit tó ń fi Fúlàní, Ìgbò tàbí Tápà ṣe ẹ̀fẹ̀ náà kọ́ nìyẹn?

Ẹni tó bi mí ní èyí rò pé òun ti mú mi. Rárá o, òdìkejì rẹ̀ ni.

Ẹ ti rí wọn lórí fóònù yín. Ẹnì kan gbé ọ̀pá kọ́ èjìká, ó dé fìlà onírù kan, ó ń fi Yorùbá wẹ́wẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní Fúlàní ni. Ẹ̀fẹ̀ ti parí níbẹ̀. Ẹ yọ ẹ̀yà kúrò lára rẹ̀, kò sí ohun tó kù. Ẹ wá mú Hynkel, ẹ bọ́ aṣọ Jámánì lọ́rùn rẹ̀, ẹ wọ agbádá fún un, ẹ gbé e sọ́fíìsì kan ní ìgboro yìí: àga ló ṣì máa máa fà sókè. Ohun tó ṣe ni Chaplin mú un fún. Ti skit yẹn, ibi tí wọ́n bí ẹni náà sí ni wọ́n mú un fún. Ìkórìíra gan-an bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá.

Ní Ìlọrin pàápàá, ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ìlú tó ní Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkóbi àti Balógun Àlànàmú! Ẹni tó ń ṣe skit yẹn, bó bá tú oríkì ìyá rẹ̀ dáadáa, ó lè bá Fúlàní pàdé níbẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn alárìnjó ayé àtijọ́ náà ní agọ̀ Tápà, agọ̀ Gàm̀bàrí, agọ̀ Ìdàhọ̀mì àti ti òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ti Ìdàhọ̀mì yé mi, nítorí àwọn ọmọ ogun Dahomey wá kó wa lẹ́rú, ẹni tí wọ́n sì ń lé kiri ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹni tó ń lé e ṣẹ̀sín. Ti òyìnbó yé mi dáadáa, ó ń jókòó lé wa lórí. Ti Gàm̀bàrí tó wá ta màlúù tirẹ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn ni mi ò gbè lẹ́yìn, bó ti wù kó jẹ́ àṣà tó. Hollywood náà jìn sí kòtò yìí. Donald Duck, pẹ́pẹ́yẹ inú eré àwòrán Disney, ṣe eré kékeré kan, Der Fuehrer's Face, tó gba Oscar ní 1943. Ìyà tó ń jẹ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún Násì ni wọ́n fi ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ya ọmọ Japan tó wà láàrin àwọn onífèrè ibẹ̀. Ojú àti eyín rẹ̀ nìkan ni ẹ̀fẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn ń bá wí.

Ti pé ọmọ Ìlọrin ń fi èdè wa ní Ìgbómìnà ṣàwàdà, èyí yàtọ̀. Wọ́n ti ń ṣe é sí mi láti ilé-ìwé, èmi náà ń dá a padà fún wọn, a sì jọ ń jẹ wàrà ni. Kò sí ẹni tó tìtorí ìyẹn fi mí sílẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí lé mi kúrò nílé.

BlacKkKlansman, ṣé òótọ́ ni tàbí àròsọ?

Òótọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ron Stallworth, adúláwọ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Colorado Springs, rí ìpolówó Klan nínú ìwé ìròyìn ní 1978. Ó kàn sí wọn, ó sì lo orúkọ ara rẹ̀! Òun ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan ń lọ sípàdé ní orúkọ rẹ̀. David Duke, olórí wọn, sọ fún un pé òun máa ń mọ̀ bó bá jẹ́ adúláwọ̀ ló ń bá òun sọ̀rọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Adúláwọ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Wọ́n tún fún un ní káàdì ọmọ ẹgbẹ́. Spike Lee fi àwọn nǹkan kan kún un nínú eré tó ṣe ní 2018, ó sì fi àwòrán gidi ìwọ́de àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Charlottesville ní 2017 parí rẹ̀, èyí tí kò ní ẹ̀rín kankan nínú.

Ṣé ìjọba máa ń fòfin de irú eré yìí?

Dáadáa. Ní Sípéènì, ọdún 1976 ni The Great Dictator tó wọ gbọ̀ngàn, lẹ́yìn tí Franco, apàṣẹwàá ibẹ̀, ti kú. Rọ́ṣíà gba àṣẹ padà lọ́wọ́ The Death of Stalin ní oṣù Kìíní 2018, nígbà tó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Nínú eré yẹn, Stalin ṣubú sílẹ̀ nínú ìtọ̀ ara rẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ yí i ká, wọn ò sì rí dókítà pè, nítorí àwọn dókítà tó mọṣẹ́ ni wọ́n ti kó sẹ́wọ̀n. Nílé wa níbí, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Hubert Ogunde ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ṣùgbọ́n ara kan náà ló ta àwọn aláṣẹ.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

The Great Dictator, bí ẹ ò bá tíì wo eré dúdú-òun-funfun rí. To Be or Not to Be, bí ẹ bá ti wò ó. Ẹni tí kò ní sùúrù fún eré àtijọ́, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BlacKkKlansman.

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Chaplin dára fún wọn, àwọn gan-an ló ń rẹ́rìn-ín jù. Blazing Saddles (1974) ni kí ẹ pa mọ́. Mel Brooks ló darí rẹ̀, Richard Pryor wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ṣẹ́ríìfù adúláwọ̀ dé ìlú àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n na ìbọn sí i, òun náà bá na ìbọn tirẹ̀ sí orí ara rẹ̀, ó ní ẹni tó bá sún mọ́ òun, òun á pa adúláwọ̀ yìí. Wọ́n gbà á gbọ́! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mi ò rí ibòmíràn tí wọ́n ti fi ìṣẹ́jú kan tú òmùgọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà síta tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èébú inú eré náà, ẹ ò ní fẹ́ kí ọmọ yín gbé e lọ sí iléèwé ní Mọ́ńdè.

Ṣé ẹ lè gbé e wá bá wa ní Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà?

A lè wá. Yàrá tó ṣókùnkùn, ògiri tàbí aṣọ funfun, àti jẹnẹrétọ̀ tó jìnnà sí fèrèsé. Àwa á gbé pírójẹ́tọ̀ àti sípíkà dání. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì là ń bẹ̀rẹ̀, nítorí The Great Dictator ju wákàtí méjì lọ, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde láàrin. Bó bá jẹ́ ìta gbangba lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ṣáájú dáadáa, torí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni eré. Ti ìta yàtọ̀ sí ti pálọ̀ ọ̀rẹ́. Ẹ bá wa wá ẹni tó gbọ́ ẹ̀ka èdè àdúgbò yín tí ẹnu rẹ̀ sì yá, tó lè bá wa túmọ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wa bí àwọn ọmọdé bá máa wà níbẹ̀, ká lè fi Blazing Saddles sílẹ̀ ní Tánkẹ̀.